Irin, Ìrìn

Gwenda Ollerenshaw pín lẹ́tà fún ọdún mọ́kànlélógún
ní àfonífojì kan ní Derbyshire.
Ó mọ ajá tó ń gbó lásán, ó mọ èyí tó ń gé ni jẹ.
Ó mọ gbogbo àtẹ̀gùn òkúta tí wọ́n fi ń ré ògiri pápá kọjá,
ó ń fò wọ́n bí ewúrẹ́,
tàpò-tàpò, nínú òjò, nínú yìnyín.

Nígbà tó yá, àìsàn kan wọ inú iṣan.
Kò pariwo. Ó mú ọmọ ìka ẹsẹ̀,
ó mú ọrùn ẹsẹ̀, ó mú orúnkún,
bí ẹni tó ń kó ẹrù kúrò nílé díẹ̀díẹ̀ lóru.
Àwọn àtẹ̀gùn òkúta yẹn ṣì wà níbẹ̀.
Wọn ò ṣẹ̀ ẹ́. Wọ́n kàn dúró ni.
Ìdúró wọn ti tó láti sọ fún un pé, "Padà."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nínú oṣù Karùn-ún, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.
Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti mu iná mànàmáná yó láti àná.
Tíì wà nínú fláàsì. Kọ́kọ́rọ́ ńlá kan wà lọ́rùn rẹ̀,
èyí tó ń ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú wọn.
Maudie ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ bàtà òjò, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn.
"Gwenda, rọra! Ṣé wọ́n ń lé ọ ni?"
Kò rọra.

Géètì àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní géètì ìfẹnukonu.
Ó fẹnu ko kẹ̀kẹ́ lọ́tùn-ún, ó fẹnu kò ó lósì,
kò jẹ́ kó kọjá.
Ìka mẹ́ta péré ni àyè fi kéré.
Ìfẹ́ wo nìyẹn?
Wọ́n ti fẹ́ ṣẹ́rí padà kí àgbẹ̀ kan tó yọ láàárín àgùntàn,
Bagshaw ọmọ Bagshaw, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í pé ogún lójúmọ́.
Ó wo géètì, ó wo táyà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n ọ́n.
"O gbé lẹ́tà ikú bàbá mi wá," ló wí,
"o sì dúró mu tíì."
Ó mú sípánà, ó tú géètì, ó gbé e ti ògiri,
ó padà sídìí àgùntàn rẹ̀.

Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ọ̀nà là.
Ojú irin ni tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà kó òkúta, kó wàrà.
Wọ́n ti tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ látijọ́, torí ọkọ̀ ojú irin kì í lè gun òkè gíga.
Ohun tó rẹ irin, ta ni yóò fi bú Gwenda?
Èdè tèmi mọ ọ̀rọ̀ yìí ju èdè tiwọn lọ:
wọ́n hú irin, ó ku ìrìn,
ohùn nìkan ló wálẹ̀.

Àlùbọ́sà ìgbẹ́ ń rùn létí ọ̀nà.
Àgùntàn olójú dúdú wò ó lójúkojú,
kò bẹ̀rẹ̀, kò fi ohùn ọmọdé bá a sọ̀rọ̀.
Nínú ihò abẹ́ òkè, omi ń kán tó, tó;
ó fi gbogbo agbára pe orúkọ ara rẹ̀,
òkè sì jẹ́ ẹ ní ìgbà mẹ́rin.

Ó ku afárá.
Ògiri rẹ̀ ga: àwọn tó dúró ló kọ́ ọ fún àwọn tó dúró.
Òkúta, òkúta, ewé tó lẹ̀ mọ́ òkúta.
Àfi ibì kan tí ẹnì kan ti yọ òkúta kúrò,
tó fi ọ̀pá irin mẹ́ta dípò.
Láàárín wọn ló ti rí odò nísàlẹ̀,
ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn kan, àti òrùlé Bagshaw.
Tíì tutù lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílé, aládùúgbò béèrè pé,
"Ṣé wọ́n gbé ẹ jáde lónìí?"
"Rárá o. Mo rìn ni. Máìlì mẹ́ta àti àbọ̀.
Maudie ni kí o lọ bá fi omi gbígbóná tẹ ẹsẹ̀."
Ẹrẹ̀ táyà fa ìlà méjì sórí kápẹ́ẹ̀tì.
Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún títí di Ọjọ́bọ̀.