Ogún Àwòrán

Láti ilé búrẹ́dì ni mo ti gba ilé ìwé wọn lọ láàárọ̀ náà,
ìyẹ̀fun lójú ìpéǹpéjú, bàtà onírin lẹ́sẹ̀,
Winnipeg ń fi otútù oṣù kọkànlá
ha etí mi bí ẹní ń ha iṣu sísun.

Mojírayọ̀ ti jókòó, fáìlì dúdú lórí itan.
Kò wojú mi.
Olùdámọ̀ràn wọn, Hálínà Kowalchuk, obìnrin irun funfun,
fa àga fún mi, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ òru, bàbá.”

Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sẹ́nu láti inú bọ́ọ̀sì:
nọ́ọ̀sì dára. Nọ́ọ̀sì kì í wáṣẹ́ tì.
Ta ló ń fi àwòrán san owó ilé?
Ọ̀nà ni mo wá bá wọn wá.
Ọnà ni wọ́n tẹ́ síwájú mi.

Ogún àwòrán ni yunifásítì ń béèrè,
gbèdéke, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní.
Ogún.
Èmi tí bàbá mi ò fi ogún kankan sílẹ̀ fún
àfi ọ̀pẹ méjì tí wọ́n ṣì ń bá wa dù ní Ìlá.

Obìnrin náà gbé gíláàsì sójú,
ó ń yẹ̀ wọ́n wò bí ẹní ń ṣa ẹ̀wà.
Idì tó ń fò: ó yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Oòrùn tó ń wọ̀ sínú òkun: ó yọ ọ́.
Ojú olórin kan tó jọ olórin náà gẹ́lẹ́,
tí mo ti fi han gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì,
ó yọ òun náà. Inú bí mi.
“Inú fóònù lo ti wo ìwọ̀nyí,” ó wí fọ́mọ mi.
“Ọwọ́ rẹ dáńtọ́. Ṣùgbọ́n ojú ta nìyí?
Ọwọ́ kọ́ ni wọ́n ń wá. Ojú ni.”

Ó wá na ọwọ́ sí ìwé pélébé kan
tí ọmọ náà fẹ́ fi ìgbọ̀nwọ́ bò,
ìwé tó ti ká létí, tí ọbẹ̀ ta sí.
Bàtà mi lẹ́bàá ilẹ̀kùn nìyẹn,
iyọ̀ títì yí i ká ní funfun bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀.
Abọ́ tí a fi abọ́ dé nínú fíríìjì.
Èmi nìyẹn lórí àga, ẹnu mi là gbàgà,
oorun ti gbé mi lọ, ìbọ̀sẹ̀ kan ti já ní àtàǹpàkò.
Ojú tì mí. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fìyẹn ránṣẹ́ síta.”
Kò dá mi lóhùn. Ó ń kà wọ́n: mọ́kànlá, méjìlá…

Ó bá a sọ ti lẹ́tà.
“Má kọ ọ́ pé láti kékeré lo ti fẹ́ràn àwòrán,
gbogbo wọn ló ń kọ bẹ́ẹ̀.
Kọ ìdí tó o fi ya bàtà, tó ò ya ẹsẹ̀.”
Kó gba fọ́ọ̀mù ilé ìwé mẹ́ta, kí ọ̀kan wà nítòsí
(mo túmọ̀ ìyẹn nínú ara mi: ọ̀nà kan ò wọ ọjà),
kó béèrè owó ìrànwọ́ kó tó béèrè ibùsùn.

Mo ní, “Ṣé á rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀?”
Ó yọ gíláàsì. Ó pẹ́ díẹ̀.
“Mi ò mọ̀, bàbá. Mo ti rí ayàwòrán tó ń wa takisí.
Mo ti rí nọ́ọ̀sì tó ń sunkún nínú mọ́tò kó tó wọlé iṣẹ́.
Mi ò ní parọ́ fún yín.”
Kò sẹ́ni tó tíì bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nílùú yìí.

Mọ́kàndínlógún ló pé. Ó ku ẹyọ kan.

Ọ̀sẹ̀ kejì, aago márùn-ún ìdájí, mo rọra ṣílẹ̀kùn,
bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́,
yìnyín ń yọ́ lórí fìlà mi, ó ń kán sí kápẹ́ẹ̀tì.
Iná pálọ̀ tàn. Pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ rẹ̀.
“Dádì, ẹ má mira.”

Mo dúró.
Mo ní, “Yáa tètè o, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí.”
Ó rẹ́rìn-ín, kò gbójú sókè,
bébà ń dún ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀.