Orúkọ Tó Wà Lára Káàdì

Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀,
wọ́n pe Àbákẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta ní yàrá káàdì.
Kò dáhùn.
Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ fèrèsé,
ó ti ya ìborùn rẹ̀ sí méjì, ó fi ìdajì di ẹsẹ̀ ọ̀tún,
eṣinṣin sì ti mọ ọ̀nà ibẹ̀.
Nọ́ọ̀sì Morádéyọ̀ fi bíírò gbá tábìlì:
"Ṣé adití ni? Àbákẹ́! Àbí orúkọ rẹ kọ́ nìyí?"

Èmi nìyẹn, nínú aṣọ àwọ̀ ewé
tí wọ́n kọ "Afọ̀nàhanni" sí lẹ́yìn.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbá ilẹ̀ ọsibítù yẹn
kí wọ́n tó ní kí n yé gbálẹ̀, kí n máa mú èèyàn rìn.
Dókítà mọ àrùn.
Èmi mọ ilẹ̀kùn tó máa ń há,
mo mọ akọ̀wé tí kì í gbóhùn èèyàn kó tó mu tíì.

Mo lóṣòó níwájú rẹ̀. Mo kí i.
Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó jẹ gbèsè.
Mo fi Hausa kí i. Ó mi orí díẹ̀; ìyẹn náà kò jìnnà.
Ló bá gbọ́wọ́ lé àyà: "Bàkẹ́. Bàkẹ́. Káyámà."

Ará Bàrùbá.
Orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n fi À ṣíwájú,
tí wọ́n sọ ọ́ di ọmọ wa láìbéèrè,
tí wọ́n tún ń bú u pé kò gbọ́ èdè ìyá rẹ̀.

Ta ló ń sọ Bàrùbá ní Ògbómọ̀ṣọ́?
Mo gun ọ̀kadà dé Tákìé, mo bi àwọn tó ń já iṣu.
Ní Sábo, wọ́n ní kí n wo ẹ̀yìn sọ́míìlì.
Wóòrù, ọdẹ alẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni.
Ó jáde tòun ti ojú pípọ́n, ó fẹ́ bú mi.
Mo ní, "Obìnrin yín kan wà lọ́sibítù,
kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ láti àná."
Kò wọ bàtà tán kó tó gun ọ̀kadà.

Nígbà tí Wóòrù lanu,
ọ̀rọ̀ ya lẹ́nu obìnrin náà bí àgbàdo nínú àpò tó ti jó:
oko kaṣú tí ọkọ rẹ̀ ń ro lọ́nà Ìkòyí-Ilé,
ẹ̀gún tó gún un kí òjò tó bẹ̀rẹ̀,
òùngbẹ òru, ìtọ̀ tí èèrà ń ṣù bò,
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà tó so mọ́ etí ìró.
Dókítà ń kọ ọ́ bí Wóòrù ṣe ń wí.
"Àtọ̀gbẹ. Ká ní ó tún pẹ́ sí i ni, à bá gé ẹsẹ̀ yìí."

Abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́. Ọgbẹ́ wíwẹ̀ ojoojúmọ́.
Abúlé kò níná, ọ̀nà sì jìn.
Ìwé iṣẹ́ mi ní kí n so aláìsàn pọ̀ mọ́ àwùjọ.
Àwùjọ dà? Kò ní nọ́ńbà fóònù.
Ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ká padà wá lóṣù tó ń bọ̀.
Ìyá Gbọ́láhàn, opó Òkè Ẹlẹ́rìn, ní yàrá òfìfo;
ó wo ẹsẹ̀ náà, ó fi etí aṣọ bo imú:
"Rárá o. Mi ò lè."
N kò bá a jà.
Ìrọ̀lẹ́ lé díẹ̀, ọmọ rẹ̀ bá wa lẹ́nu géètì:
"Màmá ní ṣé ó máa ń jẹ ata?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyẹn.
Ẹlẹ́ja Masífà ń bá wa tọ́jú abẹ́rẹ́ sínú firíìjì,
nísàlẹ̀, níbi tí kò ti ní dì.
Gbèsè ṣì wà lọ́rùn wa. Ọgbẹ́ ti ń pa ẹnu dé.

Lánàá, mo tọ́ka sí káàdì,
mo ní kí Wóòrù sọ fún un ohun tí Àbákẹ́ jẹ́ lọ́dọ̀ wa:
ẹni tí gbogbo ayé bá òbí rẹ̀ kẹ́.
Ó rò ó títí. Ó ní ó dùn létí,
ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ̀ọ́ yọ À kúrò;
iye ọmọbìnrin tí ìyá òun bí ló wà nínú Bàkẹ́.
Akọ̀wé fi bíírò pupa fà á.

Ìyá Gbọ́láhàn kò gbọ́ èyí.
"Àbákẹ́! Omi ti gbóná o!"
Ó sì dáhùn.