Akosíwá Kì Í Ṣe Àkọsílẹ̀

Ó gbé páásípọ́ọ̀tù ka iwájú mi ní Alágbàká,
aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, iná ti lọ,
fáànù dúró bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.
"Ẹ jọ̀ọ́, sà, Akosíwá lèmi. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé yín."
Mo wò ó. Akosile ni wọ́n kọ.
Àkọsílẹ̀, ọkùnrin, ará Tógò.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo rí ojú rẹ̀, mo gbé ẹ̀rín mì.

Òjò ló ń rọ̀ ní Sẹ̀mẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé, ó ní,
ọ̀gá tó ń kọ̀wé ń fi ọwọ́ kejì di agbòjò mú.
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá
di ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ.
Bírò yí orí, oṣù mẹ́ta wọ ọrùn ẹni ẹlẹ́ni.
Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ti pé, wọ́n ní ó ti di arúfin
láàárín àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní Faransé ní Òkè-Àró.

"Sà, oṣù kẹsàn-án tí ìwé yín ní mo wà níbí,
Kpalimé ni mo wà.
Èmi ni mo ń bu omi sí ìyá mi lẹ́nu.
Èmi ni mo pa ojú rẹ̀ dé.
Tó bá jẹ́ ibí ni mo wà, ta ló wà níbẹ̀?"

N ò rí èsì fún un nínú ìwé òfin.
Mo gba tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì, mo gba ẹ̀dà òǹtẹ̀ àwọn ará Tógò,
mo gba fọ́tò ibojì tí erùpẹ̀ rẹ̀ ṣì pupa
bíi ti ọ̀nà Ọdà lẹ́yìn òjò.
Mo kọ lẹ́tà. Àbújá ní kí n tún un kọ.
Mo tún un kọ. Àbújá dákẹ́.
Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ. Kòkó tí wọ́n sá sétí títì
wọ àpò, ó wọ ọkọ̀, ó rékọjá òkun.

Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi ń sáré ọ̀rọ̀ náà kiri.
Akínṣọ̀wọ́n ni bàbá mi sọ mí.
Tíṣà pa àmì abẹ́ lẹ́tà kan jẹ,
èmi sì ń jẹ́ ohun tó jẹ kù láti àádọ́ta ọdún:
Akínsọwọ́n. Akin tó sọ wọ́n nù. Àwọn wo? N ò mọ̀.
Ìwé ìfẹ̀yìntì mi náà á jẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹta, èsì dé.
Wọ́n tún ọjọ́ ṣe. Wọ́n tún orúkọ ṣe: Akossiwa,
"s" méjèèjì pé, ọ̀kan ò sọnù.
Ọkùnrin ṣì wà níbẹ̀.
Ó fi ìka kàn án. Ẹ̀rín tí mo gbé mì nígbà yẹn,
òun ló wá bú u sẹ́kún rẹ́rẹ́.
"Ẹ ti dá ọjọ́ ìyá mi padà fún mi, sà.
Ọkùnrin yìí lè dúró dọ̀la."

Mo sìn ín dé géètì.
Nígbà tí mo padà, mo yọ káàdì àyà mi,
mo fi bírò to àmì kékeré kan sábẹ́ lẹ́tà náà.
Kó tó di ọ̀sán, òógùn ti nù ún.