Alángbá Tí Kò Ní Ìrù

Wọ́n ti lọ.
Ọkọ̀ Bọ̀dá Oyèdìjí ló kó wọn lọ sí Àwẹ́ lọ́dọ̀ ìyá àgbà,
àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàtà Àtàndá ẹsẹ̀ kan,
a wá a títí, a kò rí i: sálúbàtà ló wọ̀ lọ.
Bàbá wọn wà lọ́nà Ṣakí, ó di alẹ́ ọ̀la.
Mo ti ilẹ̀kùn. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀.
N kò mọ ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣe
nígbà tí ẹnikẹ́ni kò pe Màámi.

Mo kọ́kọ́ gbálẹ̀. Ó ti di bárakú.
Mo ṣa aṣọ ilé-ìwé, mo rẹ ẹ́ sínú ọṣẹ,
mo máàkì ìwé mẹ́jọ nínú ogójì
kí n tó rántí pé kò sí ẹni tó rán mi.
Mo bá ara mi wí: Àyọ̀ká, jókòó.

Ó wà lórí àjà, lẹ́yìn garawa tó ń jò,
igbá tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fín kí n tó lóyún Oyèwùmí.
Oyèwùmí ti ga jù mí lọ báyìí.
Baba mi ló fún mi ní Jàbàtá.
Ó ní obìnrin kì í fín igbá,
ó sì na ọ̀bẹ sí mi, ó wo ẹ̀gbẹ́ kan
bí ẹni tí kò rí ohun tí ọwọ́ òun ń ṣe.

Mo nu eruku. Alángbá náà yọjú:
orí rẹ̀ pé, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé,
ìpẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tò bí ọmọ àgbàdo.
Ibi tí ìrù ìbá wà, igbá lásán ni, ó ń dán.
Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti fi ń retí mi.
Kò jọ ẹni tó bínú.

Ọ̀bẹ ńkọ́? Ọ̀bẹ wà nílé ìdáná,
Mojí fi ń bó ọsàn. Ẹnu rẹ̀ ti kú.
Mo pọ́n ọn lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé,
sàà, sàà,
adìẹ Ìyá Àdùnọlá dúró, ó na ọrùn,
ó rò pé tòun ni.

Igbá ti gbẹ jù.
Ní gígé àkọ́kọ́, ọ̀bẹ yọ̀, ó fa ìlà tí n kò rò.
Ọwọ́ tó ń kọ a, b, d sójú pátákó láràárọ̀,
ó mọ ṣọ́ọ̀kì, ó mọ òòyà,
ó mọ ẹ̀yìn ọmọ tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu lóru,
kò mọ èmi mọ́.
Gígé kejì. Ìkẹta.
Ní ìkẹrin, nǹkan kan rántí. Kì í ṣe èmi,
àtàǹpàkò mi ni: ó tẹ̀ díẹ̀ sápá òsì, bí ó ti máa ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀,
èèpo igbá sì dìde ní tín-ín-rín,
ó ká bí irun ọmọ tuntun,
ó bọ́ sórí itan mi.
N kò mí.

Ìpẹ́ méjì. Ohun tí mo rí fín nìyẹn
kí òjò tó ṣú láti ìhà Owódé,
kí n tó sáré lọ ká aṣọ,
kí n tó padà jókòó, tí mo kàn ń gbọ́ òjò lórí páànù,
igbá lórí itan, n kò ṣe nǹkan kan,
inú mi sì dùn débi pé ẹ̀rù bà mí díẹ̀.

Wọ́n dé lọ́jọ́ kejì
pẹ̀lú ariwo, pẹ̀lú ẹ̀pà sísè àti ọ̀rọ̀ ẹjọ́.
Àtàndá ló rí i lórí tábìlì.
Ó fi ìka tọ ẹ̀yìn alángbá lọ
títí ìka fi dé ibi tí ọ̀nà ti tán.
"Màámi, èyí kò ní ìrù."
Mo wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ba bàtà ẹsẹ̀ kejì.
"Ó ń hù bọ̀," ni mo wí.