Ogún Yúrò

Àjà ilé mi ni ilẹ̀ ilé Deolinda,
nítorí náà mo mọ ọjọ́ tí lẹ́tà dé.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sójú fèrèsé, ó padà,
ó lọ, ó padà,
títí agogo méjì òru fi lù ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Onílé ní ọ̀ọ́dúnrún yúrò ò tó mọ́.
Irínwó ó lé ogún ni, láti oṣù tó ń bọ̀.
Kò fi ìbínú kọ ọ́; ó tilẹ̀ kí i dáadáa nísàlẹ̀ ìwé.
Ṣé ẹ̀bi rẹ̀ ni, tí àlejò ń fa àpótí ẹlẹ́sẹ̀ roboto
gòkè òkúta Porto, gbà-gà, gbà-gà,
tí wọ́n ń fi oorun alẹ́ mẹ́ta san owó oṣù kan?
Ẹ̀bi rẹ̀ ni, ní tèmi.

Ẹ̀yìn ìwé owó gáàsì ló ti ṣírò:
iná. Omi. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹja.
Ó fa ẹja pa.
Ó wò ó títí, ó tún ẹja kọ.

Mo ní, "Ìyá, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.
Ẹ wọ bàtà, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọ́fíìsì ìlú."
Wọ́n fún wa ní nọ́ńbà mẹ́tàlélọ́gọ́ta;
ẹni kọkànlá ni wọ́n ń dá lóhùn.
Ọ̀fìnkìn ń bá ọmọbìnrin ojú fèrèsé jà.
Ó ní ká mú ẹ̀rí wá pé ibi tí ìyá ń gbé ló ń gbé.
Deolinda na apá tí áyọ́ọ̀nù ti jó,
ọdún mẹ́tàlélógún aṣọ hòtẹ́ẹ̀lì tó lọ nínú yàrá kan náà.
"Ìyá, ìyẹn ò ní òǹtẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ.
Lẹ́ẹ̀kẹta, ìlú ní àwọn á máa fi ọgọ́rin tì í lẹ́yìn lóṣooṣù,
fún ọdún kan péré.
Ó ku ogójì.
Ó kọ̀wé sí onílé: òun á máa gbá àtẹ̀gùn,
òun á máa pààrọ̀ gílóòbù, kó bá òun dín ogójì kù.
Ọ̀rọ̀ kan ló fi fèsì: ogún.
Kì í ṣe ogún tí bàbá ń fi sílẹ̀ fọ́mọ o.
Yúrò ni.

Ogún kejì ò tíì ní baba.
Mo fẹ́ mú un wá, ó ní kí n lọ fi ra bàtà fún ọmọ mi.

Lálẹ́ àná ẹsẹ̀ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ lókè,
ó lọ, ó padà.
Mo ń dúró de agogo méjì.
Ẹsẹ̀ dá.
Nǹkan kan ta pàrà-pàrà nínú òróró,
òórùn ẹja sì gba orí àtẹ̀gùn tó gbá
sọ̀kalẹ̀ wá bá mi.