Ẹnu Ọ̀nà Kan Ṣoṣo

Aago méjì òru ti kọjá ní Klaipėda.
Yìnyín ti bo ojú fèrèsé,
kọfí mi ti tutù, mo ṣì ń mu ún.
Lọ́hùn-ún, ní èbúté,
wọ́n to kọntéínà onírin lé ara wọn lábẹ́ iná aláwọ̀ ọsàn.
Èyí tí èmi ń ṣọ́ kò ní irin, kò ní ìdákọ̀ró,
inú sáfà ẹlòmíràn ló ń gbé, ní ìlú tí n kò dé rí,
ṣùgbọ́n òun náà ní ẹrù.

Ọ̀kan ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Smiltynė,
ọ̀kan ń ka iye mọ́tò tó lè wọ inú rẹ̀,
ọ̀kan ń gba owó,
ọ̀kan kò ṣe ju pé kó sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó.
Wọ́n ń kú, wọ́n ń jí, wọ́n ń pààrọ̀ àdírẹ́sì
kí n tó ṣẹ́jú.
Báwo ni àlejò ṣe fẹ́ bá wọn nílé?

Ìyá mi àgbà, Bronislava, ló yẹ kí n bi.
Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi jókòó
sẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn òṣìṣẹ́ ẹja,
ọgọ́rin yàrá, ilẹ̀kùn kan.
Ó ní ìwé kan tí epo ẹja ti rin,
ó ní awò ojú tí wọ́n fi okùn so.
“Ta lo ń wá?”
O dá a lóhùn, ó wo ìwé:
“Gun òkè kẹta, yà sọ́wọ́ òsì.
Ó tì o, Danutė ti kó kúrò níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀,
yàrá kẹrìnlá ló wà báyìí.”
Bí o bá parọ́ orúkọ, ìta lo máa sùn.

Nítorí náà mo kọ òfin mi bí ẹni ń kọ ìwé rẹ̀:
ẹni tó bá fi orúkọ wa kan ilẹ̀kùn,
tó ní tíkẹ́ẹ̀tì lòun ń bá bọ̀,
ẹ mú un lọ sí yàrá tíkẹ́ẹ̀tì;
ẹni tó ní owó lòun wá san,
ẹ fi aṣọ bo ohun tó mú dání kó tó kọjá;
ẹni tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni,
ẹ kí i, kó máa lọ.
Ojú ihò irinwó ó lé mẹ́tàlélógójì ni mo ṣí.
Mo ti ìyókù pa.

Mo tẹ bọ́tìnì. Mo kan ilẹ̀kùn.
Kò sí ẹni tó fọhùn.
Bí wọ́n bá tiẹ̀ lé mi, ìbá tù mí lára.
Ìdákẹ́jẹ́ ni, bí ilé tí wọ́n ti kó jáde.

Abèèrè kì í ṣìnà, wọ́n ní,
ṣùgbọ́n Rimvydas tó mọ̀ ọ́n ti sùn ní Kaunas,
fóònù rẹ̀ sì ti sùn tì í.
Mo ka òfin náà láti ìsàlẹ̀ wá sókè.
Mo kà á ketekete fún ológbò.
Ológbò bá tirẹ̀ lọ.

Ó di aago mẹ́rin kí n tó rí i:
lẹ́tà kan.
Mo ní kí òfin wá olùṣọ́nà
tó so àmì báyìí mọ́ àyà;
àmì tí olùṣọ́nà mi so fi lẹ́tà kan yàtọ̀.
Òfin wà. Olùṣọ́nà wà.
Wọn ò mọ ara wọn rí.

Mo tún un kọ. Ó ní ìwé ẹ̀rí mi dà?
Kọ́kọ́rọ́ wà lóòótọ́, yàrá mìíràn ni mo gbé e sí,
bíi Bronislava tó gbé ti yàrá kẹsàn-án lọ sílé
nínú àpò kóòtù, ọjọ́ tí wọ́n ti ilé náà pa,
tí kò rántí títí tó fi kú.
Àwa la bá a níbẹ̀, ó ti dípẹtà.

Mo gbé tèmi síbi tó yẹ.
Aago márùn-ún ku díẹ̀, ẹnì kan,
n kò mọ ẹni náà,
ra tíkẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà kan, àti ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀.
Mo wo bó ṣe wọlé,
bó ṣe yà sọ́wọ́ òsì,
bó ṣe bá wọn nílé.
Kò kí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà.