Mélòó Ló Là Lónìí?

Ọpọ́n ìwẹ̀ ilé òyìnbó kan, tó ti fọ́ létí,
ni bàbá mi fi ọmọlanke gbé bọ̀ láti Yábà.
Ó ní ọgbà lòun fẹ́ dá.
Ọgbà, ní Ìwáyà,
níbi tí ẹ̀yìnkùlé wa kò ju ẹní méjì lọ,
tí omi ọ̀sà ń yọ́ wọlé láìkanlẹ̀kùn.

Ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó wọ àbàtà lọ,
ó hú òṣíbàtà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò,
ó fi ẹrẹ̀ dúdú tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ ọpọ́n.
Nígbà tó pẹ́, òdòdó kan yọrí,
ó funfun bí eyín ọmọ titun,
àárín rẹ̀ rí bíi pupa ẹyin.

Ìyá mi wò ó títí.
“Ògúntímẹ́hìn, ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni?”
“Wọn kì í jẹ ẹ́.”
“Ṣé inú rírun ló ń wò?”
“Síkírà, ojú mi ló ń wò.”

Efinrin tirẹ̀ wà nínú garawa ọ̀dà.
Omi tí a fi ṣan ìrẹsì là ń dà sí i.
Já ewé kan, mẹ́ta á yọ dípò rẹ̀.
Aládùúgbò á na ọwọ́ láti orí ògiri,
“Ẹ fún mi ní bíńtín, ọmọ ń yàgbẹ́,”
ìyá mi á já a, á tún fi èènì sí i.
Òdòdó efinrin ò ju wúruwùru lọ,
oyin nìkan ló mọ̀ pé ó tanná.

Oòrùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń jà sí,
èyí tó ń bọ́ sáàárín ilé ìdáná àti ṣalángá
láti aago mẹ́sàn-án di ọ̀sán.
Láàárọ̀, bàbá á ti garawa sẹ́yìn.
Lálẹ́, ìyá á tì í pa dà.
“Omi rẹ ń bí ẹ̀fọn!”
Bàbá da ẹja wẹ́wẹ́ sínú ọpọ́n kó máa jẹ ìdin.
Ìyá ò gbà. Ó gbé garawa ti ọpọ́n gbágbá,
ó ní òórùn efinrin ni ẹ̀fọn ń sá fún.
Bí àwọn méjèèjì ṣe di ará ilé kan nìyẹn.

Èmi ọmọ wọn, mo fẹ́ sọ èyí tó dára jù.
Ọ̀kan ń là láàárọ̀,
ó ń padé kí ẹ̀wà ọ̀sán tó jinná,
bí o bá já a, ó kú sí ọ lọ́wọ́.
Èkejì, àfi kí o rún un kó tó sọ̀rọ̀.
N ò rí ẹjọ́ dá.

Ìgbà tó yá, ojú bàbá ń ṣókùnkùn.
Dókítà Ìdí-Àràbà ní ó ti pẹ́ jù.
Etí ayé ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà, àárín.
Ó ń fọwọ́ tẹ ògiri dé ẹ̀yìnkùlé,
á wá garawa rí, á rún ewé kan láàárín ìka,
á gbé e símú:
“Ẹ̀n-ẹ́n. Mo ti débẹ̀.”

Òṣíbàtà ńkọ́?
Ìyá mi, tó máa ń pè é ní ewé aláìníṣẹ́,
òun ló ń tẹ̀ ba lórí ọpọ́n láràárọ̀.
“Mélòó ló là lónìí?”
“Méjì. Ọ̀kan ń múra.”
“Funfun ni?”
“Funfun ni. Ìkòkò kan jókòó sórí ewé.”
Kò sí ìkòkò. Ọ̀pọ̀lọ́ kékeré ni. Kò mọ orúkọ rẹ̀,
ó ń kọ́ bí a ti ń wo nǹkan.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ọ̀sà kún,
omi iyọ̀ bo ọpọ́n mọ́lẹ̀.
Nígbà tó fà, gbogbo ewé ti dúdú, wọ́n rà.
Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá béèrè.
Ìyá mi wo omi náà,
ó já efinrin kan, ó rún un,
ó fi í sí ọkọ rẹ̀ látẹ́lẹwọ́.

“Mẹ́ta,” ló wí.
“Mẹ́ta ló là, Ògúntímẹ́hìn. Wọ́n kún ọpọ́n.”